Orí Kẹsàn-án: Dìgbòlugi Lára Ajá, Ẹranko Ìgbẹ́ àti Ènìyàn

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe lẹ́yìn tó bá ka orí yìí

1. Sọ ohun tó ń fa àrùn dìgbòlugi, kí ó sì ṣàlàyé ọ̀nà tó ń gbà láti ojú ọgbẹ́ dé inú ọpọlọ.
2. Dá àmì àrùn náà mọ̀ lára ajá àti lára ènìyàn.
3. Ṣe ohun tó yẹ ní wákàtí àkọ́kọ́ tí ajá bá bu èèyàn jẹ.
4. Ṣàlàyé ìdí tí orúkọ Mọ́kọ́lá, àdúgbò kan nílùú Ìbàdàn, fi wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì káàkiri àgbáyé.
5. Sọ ìdí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a gún fún ajá fi jẹ́ ààbò fún ọmọ ènìyàn.

1. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́

Kí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa tó fojú kan máíkírosíkóòpù ni àwọn àgbà Yorùbá ti wo ajá tí àrùn yìí ń bá jà, tí wọ́n sì ti sọ àrùn náà lórúkọ. Dìgbòlugi: èyí tó ń dìgbò lu igi. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò, ajá ọ̀hún yóò yọ sí yín gedegbe. Ó ń rìn ṣáá, kò mọ ibi tó ń lọ. Ó forí sọ igi, ó forí sọ ògiri, ó tún dìde. Itọ́ ń ṣe ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Olówó rẹ̀ pè é, kò yíjú wo ẹni tó pè é. A máa ń pòwe pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní ti ajá dìgbòlugi, kì í ṣe oríkunkun ni kò jẹ́ kó gbọ́. Àrùn ti wọ inú ọpọlọ rẹ̀, ibi tí ìgbọràn ti ń wá gan-an ni àrùn náà jókòó sí.

Ohun tí àwọn baba wa rí, òótọ́ ni. Ohun tí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi kún un ni ìdí rẹ̀, àti ohun kan tó ṣe pàtàkì ju ìdí lọ. Dìgbòlugi jẹ́ àrùn tí kò sí oògùn tó ń wò ó bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn. Àwọn tó yè é ní gbogbo ayé kò pọ̀, a lè fi ọwọ́ kà wọ́n. Ṣùgbọ́n àrùn kan náà yìí ni a lè dá dúró pátápátá kí àmì rẹ̀ tó yọ. Láàárín ọjọ́ tí ajá bu èèyàn jẹ àti ọjọ́ tí àmì àkọ́kọ́ yọ, àyè kan wà. Inú àyè yẹn ni ẹ̀mí èèyàn wà. Gbogbo ẹ̀kọ́ orí yìí kò ju bí a ṣe lè lo àyè náà kó tó dí lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún. Ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti ń kú. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ẹranko tí a fura sí bù jẹ, mẹ́rin ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí àrùn náà mú, ó tó 99 tó jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Ọ̀rọ̀ ajá ilé wa àti ọmọ ilé wa nìyí.

2. Kòkòrò àrùn náà àti ìrìn rẹ̀ nínú ara

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa dìgbòlugi. Ẹbí tó ti wá ni àwọn onímọ̀ ń pè ní *Lyssavirus*. Tí wọ́n bá fi máíkírosíkóòpù alágbára wò ó, ìrísí rẹ̀ dà bí ọta ìbọn: ẹnu kan rí róbótó, ìdí rẹ̀ rí pẹlẹbẹ. Inú itọ́ ẹranko tí àrùn náà ń ṣe ló máa ń wà. Bí ẹranko náà bá bu èèyàn jẹ, tó fi èékánná tí itọ́ wà lára rẹ̀ ya èèyàn lára, tàbí tó lá ojú ọgbẹ́, ẹnu tàbí ojú ẹni, fáírọ́ọ̀sì náà ti rí ọ̀nà wọlé. Kì í gba ara tí kò dá lu kọjá.

Tó bá ti wọlé, kì í bá ẹ̀jẹ̀ lọ bí kòkòrò ibà ti ń ṣe. Iṣan ìmọ̀lára ló ń wá, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn ìrora, ooru àti òtútù láti ara lọ sí ọpọlọ. Ó ń gun okùn wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba mílímítà lójoojúmọ́, títí yóò fi dé mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, tí yóò sì ti ibẹ̀ wọ ọpọlọ. Ìrìn náà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó lè yá kánkán kó gba ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì lè pẹ́ tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ibi tí ajá ti bu èèyàn jẹ bá ti jìnnà sí orí tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn náà ṣe máa ń gùn tó. Ìdí nìyí tí ọgbẹ́ ojú, ọrùn àti ọwọ́ fi burú ju ti ẹsẹ̀ lọ, ìdí náà sì nìyí tí ewu fi pọ̀ lórí ọmọdé: ojú ọmọ ọdún mẹ́rin kò jìnnà sí ẹnu ajá.

Nígbà tó bá ti gba ọpọlọ tán ni yóò tún gba ojú iṣan padà wá síbi tí itọ́ ti ń sun. Ní àkókò kan náà, ó ti ba ibi tí ìbínú àti ìbẹ̀rù ti ń wá nínú ọpọlọ jẹ́, ni ajá tí kì í gbó mọ́ àlejò tẹ́lẹ̀ bá ń bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn papọ̀: itọ́ tó kún fún àrùn, àti ẹnu tí kò lè ṣe kó má buni jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì náà ṣe ń rí ara tuntun wọ̀.

3. Àmì dìgbòlugi lára ajá

Ọ̀nà méjì ni àrùn náà ń gbà yọ lára ajá.

*Dìgbòlugi oníjàgídíjàgan.* Èyí ni gbogbo ayé mọ̀. Ìyípadà ìwà ló máa ń ṣáájú: ajá tó fẹ́ràn ọmọ á máa sá pamọ́ sábẹ́ àga, ajá tó ń tijú èèyàn á máa wá fara nu ẹni. Láìpẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ, igi, òkúta àti iyẹ̀pẹ̀. Yóò máa bu irin ọgbà jẹ títí eyín rẹ̀ á fi ṣẹ́. Ohùn rẹ̀ á há, gbígbó rẹ̀ á dà bí igbe. Yóò jáde nílé, yóò sì rìn jìnnà, yóò máa bu ohun tó bá pàdé jẹ.

*Dìgbòlugi arọnilápá-rọnilẹ́sẹ̀.* Èyí ló ń tan èèyàn jẹ. Ajá náà kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dákẹ́ sójú kan, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọ́ wọlẹ̀, itọ́ ń dà, kò lè gbé oúnjẹ mì. Olówó rẹ̀ á wò ó, á ní, "Eegun ló há ajá mi lọ́fun," á sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti yọ ọ́. Ọwọ́ tó fi àánú kì bọ ẹnu ajá yẹn ti kan itọ́ tó kún fún fáírọ́ọ̀sì, eyín ajá sì lè ti ha á. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ ajá tí kò lè pa ẹnu dé lẹ́nu láé. Ẹ pe dókítà ẹran.

Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ajá tí àmì bá ti yọ lára rẹ̀ kì í sábà pé ọjọ́ mẹ́wàá láyé mọ́. Orí èyí ni àwọn dókítà gbé òfin ọjọ́ mẹ́wàá kà. Itọ́ ajá kì í sábà ní fáírọ́ọ̀sì ju ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ kí àmì tó yọ. Nítorí náà, bí ajá tó bu èèyàn jẹ lónìí bá ṣì ń jẹ, tó ń mu, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu èèyàn náà jẹ. Ẹ kò wá rí i pé ó burú kí àdúgbò sáré lu ajá pa lójú ẹsẹ̀? Ajá tí a lù pa, tí a sì jù sí ààtàn, ti gbé ìdáhùn lọ. Kí dókítà ẹran dè é mọ́lẹ̀, kó máa ṣọ́ ọ. Bí kò bá sì sí ọ̀nà àtimú un, tí ó di dandan kí wọ́n pa á, kí wọ́n má fọ́ orí rẹ̀, torí pé inú ọpọlọ ni ilé àyẹ̀wò ti ń wá àrùn náà. Àwọn dókítà ẹran wà nítòsí wa: Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹran tirẹ̀, ti ìjọba sì wà ní Mọ́kọ́lá.

4. Àmì dìgbòlugi lára ènìyàn

Ibà, orí fífọ́ àti àárẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, bí ẹni pé ibà lásán ni. Ṣùgbọ́n àmì kan wà tí kì í ṣe ti ibà: ojú ọgbẹ́ tó ti jinná láti bí oṣù méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í yún, á máa ta, á máa jó bí iná. Fáírọ́ọ̀sì ti dé orí okùn.

Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù omi á dé. Òùngbẹ ń gbẹ aláìsàn náà. Wọ́n gbé ife omi fún un, ó nawọ́ gbà á, ó gbé e dé ètè. Bí omi ṣe kan ẹnu rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀ lójijì, àyà rẹ̀ já, ó sọ ife nù. Ó pẹ́ díẹ̀, rírí omi nìkan ti tó láti mú kí ọ̀fun rẹ̀ fún. Atẹ́gùn fáànù tó fẹ́ sí i lójú náà á máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Láàárín ìjì méjì, ọkàn rẹ̀ á padà bọ̀ sípò, á sì mọ àwọn ará ilé rẹ̀, á máa bá wọn sọ̀rọ̀. Èyí ló ń dun àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà jù.

Nǹkan bí aláìsàn kan nínú márùn-ún kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tí ajá bù jẹ á kọ́kọ́ rọ, rírọ náà á sì máa tàn ká ara. Irú wọn ni a sábà máa ń ṣì pè ní àrùn mìíràn.

Ìran tó ń dẹ́rù bani ni. Ó yé wa bí àwọn ẹbí ṣe ń rò pé àsàsí ni, tàbí pé wèrè ló dé, tí wọ́n sì ń gbé aláìsàn láti ilé adáhunṣe kan dé òmíràn. Kì í ṣe ọwọ́ aráyé. Ajá kan ló bù ú jẹ lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, tí kò sì sí ẹni tó rántí mọ́.

5. Wákàtí àkọ́kọ́

Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọbìnrin kan tó wà ní JSS 2 ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ní Àgbówó. Ajá kan tí kò sẹ́ni tó mọ olówó rẹ̀ yọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó bù ú jẹ nísàlẹ̀ orúnkún, ó sì sá lọ. Ọmọ náà fi ẹkún wọlé. Aládùúgbò kan ti gbé ìgò epo pupa dání.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi epo yìí pa á ná, kó lè pa oró rẹ̀."

"Rárá o, ọmọ mi," ni ìyá àgbà dá a lóhùn. "Omi àti ọṣẹ ló ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ bá mi ṣí ẹ̀rọ omi yẹn."

Ìyá àgbà gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà sábẹ́ omi tó ń ṣàn. Ó fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó ṣan án, ó tún fọ̀ ọ́. Ọmọ ń ké, ìyá àgbà ń rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ sì wà lára aago ara ògiri. Ìgbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé ni ó tó pa omi. Ó da sípíríìtì sí i. Kò dì í, kò fi nǹkan kan bò ó. Ó ní kí wọ́n pe ọlọ́kadà, ó di ilé ìwòsàn.

Gbogbo ohun tí ìyá yìí ṣe ló ní ìdí. Ọ̀rá ló wà lára èèpo tó bo fáírọ́ọ̀sì dìgbòlugi. Bí ọṣẹ ṣe ń tú ọ̀rá ọbẹ̀ lára àwo, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tú èèpo yẹn, fáírọ́ọ̀sì tí èèpo rẹ̀ bá sì ti tú ti kú. Omi tó ń ṣàn á gbé èyí tó kù lọ. Epo pupa kò lè ṣe èyí. Ata kò lè ṣe é. Irun ajá tí àwọn kan ń jó mọ́ ojú ọgbẹ́ kò lè ṣe é. Wọ́n kàn ń sé fáírọ́ọ̀sì náà mọ́ inú ẹran ara ni, wọ́n sì ń jẹ́ kí ọkàn ẹbí balẹ̀ lásìkò tí kò yẹ kó balẹ̀.

Nílé ìwòsàn, ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń pín ọ̀rọ̀ sí:

- *Ìpele kìíní:* Ẹni náà fọwọ́ kan ẹranko, ó fún un lóúnjẹ, tàbí ẹranko lá ara rẹ̀ níbi tí kò dá lu. Kí ó fọ ibẹ̀. Kò nílò abẹ́rẹ́.
- *Ìpele kejì:* Eyín ha ara tí kò sí aṣọ, tàbí èékánná ya á láìsí ẹ̀jẹ̀. Kí ó fọ ọ́, kí wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
- *Ìpele kẹta:* Eyín wọlé, ẹ̀jẹ̀ jáde, itọ́ kan ojú ọgbẹ́, ẹnu tàbí ojú, tàbí ó ní ìfarakanra pẹ̀lú àdán. Kí ó fọ ọ́, kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n sì gún èròjà agbóguntàrùn yí ojú ọgbẹ́ náà ká.

Kí ló dé tí ìpele kẹta fi nílò nǹkan méjì? Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ ara bí yóò ṣe bá fáírọ́ọ̀sì jà, ẹ̀kọ́ náà sì máa ń gba ara tó bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èròjà agbóguntàrùn dà bí ọmọ ogun tí a yá láti ìlú mìíràn: yóò ṣọ́ ẹnubodè títí àwọn ọmọ ogun tiwa yóò fi gbára dì. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò tó. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ keje ṣe pàtàkì, dókítà yóò sì sọ bóyá ti ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 28 ń bẹ. Ẹni tó gba ọ̀kan tó sì dúró ti já okùn náà lágbedeméjì.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, ní Paris, wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, wá bá Louis Pasteur. Ajá dìgbòlugi ti bù ú jẹ níbi tó pọ̀. Abẹ́rẹ́ mẹ́tàlá ni wọ́n gún un, ó sì yè. Orí ìrìn tí a sọ nípa rẹ̀ lókè ni Pasteur gbẹ́kẹ̀ lé: bí ìrìn àrùn náà bá falẹ̀, abẹ́rẹ́ tí a gún lẹ́yìn ìbùjẹ ṣì lè ṣáájú rẹ̀ dé ọpọlọ. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895 ni Pasteur kú, ọjọ́ náà sì ni gbogbo ayé fi ń ṣe Àyájọ́ Dìgbòlugi.

6. Asín Mọ́kọ́lá àti àdán Èkó

Ní ọdún 1956, lára àdán elésò ní Erékùṣù Èkó, àwọn onímọ̀ rí fáírọ́ọ̀sì kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Wọ́n sọ ọ́ ní fáírọ́ọ̀sì àdán Èkó.

Ní ọdún 1968, ó kan Ìbàdàn. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì kan nígbà náà tí àjọ Rockefeller ràn lọ́wọ́, tí Ottis Causey ti jẹ́ olórí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń mú eku, ẹyẹ, ẹ̀fọn àti eégbọn wá láti wo àrùn tó wà lára wọn. Lára ohun tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá ni asín wà. Ẹ̀yin náà mọ asín: ó kéré, imú rẹ̀ ṣóńṣó, òórùn rẹ̀ kì í fara sin. Ó jọ eku, ṣùgbọ́n kì í ṣe eku, kòkòrò ló ń jẹ. Fáírọ́ọ̀sì kan jáde lára àwọn asín náà, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà IbAn 27377. "Ib" dúró fún Ìbàdàn, "An" dúró fún ẹranko. Ní ọdún 1970, Robert Shope àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé ti Mọ́kọ́lá àti ti àdán Èkó, ọmọ ìyá dìgbòlugi ni àwọn méjèèjì, ìrísí ọta ìbọn kan náà ni wọ́n sì ní.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró lára asín. Ní ọdún 1972, oníṣègùn ọmọdé kan ní Ìbàdàn, J. B. Familusi, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ìròyìn ọmọbìnrin méjì. Wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ àkọ́kọ́, tí ibà àti gìrì ń ṣe. Ara ọmọ náà yá. Èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ara rẹ̀ rọ, oorun gbé e lọ, ó sì kú. Inú ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì náà.

Lónìí, ọkọ̀ ń gba orí afárá Mọ́kọ́lá kọjá lọ sí Sábó àti Dùgbẹ̀, Premier Hotel jókòó sórí òkè, àwọn tó ń kọjá kò sì mọ̀ pé orúkọ àdúgbò yìí wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà. Ìdí tí wọn kò fi gbàgbé rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tí a ní kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ara lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá. Ní ọdún 1981, ó jáde lára àwọn ológbò àti ajá kan ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, àwọn kan nínú wọn sì ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tẹ́lẹ̀. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ṣì ń wá ẹranko tí ó jẹ́ ilé rẹ̀ gan-an.

Ti àdán náà kò parí. Ní Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n máa ń ṣe ọdún àdán, tí àwọn èèyàn ń wọ ihò àpáta lọ mú wọn. Àwọn olùṣèwádìí lọ síbẹ̀ ní ọdún 2010 àti 2013. Nínú ènìyàn 2,112 tó wà nínú ìwádìí náà, 213 ti fara kan àdán rí, àdán sì ti bu 52 jẹ. Ó lé ní ìdajì àwọn àdán tí wọ́n yẹ̀ wò tí àmì wà lára wọn pé wọ́n ti bá ẹbí fáírọ́ọ̀sì yìí pàdé. Wọn kò rí irú àmì bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn kankan, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ti fara kan àdán tí wọ́n bi léèrè, ẹni mẹ́ta péré ló ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí. Àdán kì í ṣe ọ̀tá wa: òun ló ń gbé èso igi ká inú igbó. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí igi rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú èyí tó já bọ́ sílẹ̀.

7. Àwọn tí iṣẹ́ wọn sún mọ́ ewu

Ọdẹ ń bá ajá wọ igbó, ajá náà sì ń bá ẹranko ìgbẹ́ jà. Ẹni tó ń pa ajá tà fún jíjẹ ń fọwọ́ kan itọ́ àti ọpọlọ ajá tí kò mọ ibi tó ti wá. Ní Nàìjíríà, àwọn olùwádìí ti rí dìgbòlugi nínú ọpọlọ àwọn ajá tí wọ́n pa lọ́jà, tí ojú kò sì rí àìsàn lára wọn. Dókítà ẹran àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹran náà wà nínú ewu. Kí irú àwọn èèyàn wọ̀nyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló yẹ kí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kì í ṣe ìgbà tí eyín bá wọlé tán.

8. Bí a ṣe lè lé dìgbòlugi kúrò ní ìlú

Bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú kan bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kì í rí ọ̀nà gbà mọ́. Ajá tí àrùn ń ṣe yóò bu ajá mìíràn jẹ, àrùn kò ní mú un. Òpin dé nìyẹn.

Kì í ṣe àlá. Láti ọdún 1983, àwọn orílẹ̀-èdè Látìn Amẹ́ríkà gbé abẹ́rẹ́ lọ bá ajá ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, iye ènìyàn tí ajá ń kó o ràn sì fi èyí tó ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Mẹ́síkò ti bọ́ lọ́wọ́ ikú dìgbòlugi tí a ń kó lára ajá, òun ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gba irú ẹ̀rí náà. Ní Yúróòpù, ara kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú igbó ni àrùn náà fi ṣe ilé. Ta ni yóò mú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ láti gún un lábẹ́rẹ́? Ní ọdún 1978, àwọn ará Switzerland fi oògùn àjẹsára sínú orí adìẹ, wọ́n sì pín in ká inú igbó. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ ẹ́, ó sì gba àjẹsára láìmọ̀. Ní ti tiwa, ajá tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà wa ni. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ń jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ wa rọrùn ju tiwọn lọ.

Gbogbo ayé ti fi ọdún 2030 ṣe àfojúsùn pé kí ẹnikẹ́ni má kú mọ́ nípa dìgbòlugi tí a kó lára ajá. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ kò le:

- Kí ọmọ ajá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta, kí a sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Kí olówó rẹ̀ tọ́jú ìwé ẹ̀rí.
- Kí a má jẹ́ kí ajá máa rìn gbéregbère nígboro, kí a sì bo ààtàn tó ń pè wọ́n jọ.
- Kí a kọ́ ọmọ pé a kì í ru ajá tó ń jẹun, tó ń sùn tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú sókè.
- Kí ọmọ tí ajá bù jẹ mọ̀ pé a kò ní nà án bó bá sọ ọ́. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹgba ló ń fi ọgbẹ́ pamọ́, àyè tó yẹ kó fi rí ìtọ́jú á sì máa lọ.

Àkópọ̀

Ẹnu ajá ni dìgbòlugi ti ń wá, ojú iṣan ló ń gbà, ọpọlọ ló ń lọ. Ìrìn rẹ̀ kò yá, ẹsẹ̀ wa ló yẹ kó yá. Ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, abẹ́rẹ́ títí yóò fi pé. Kí gbogbo rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ rárá, abẹ́rẹ́ kan lọ́dún fún ajá ilé.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì

*Abẹ́rẹ́ àjẹsára:* oògùn tó ń kọ́ ara láti bá àrùn jà.
*Èròjà agbóguntàrùn:* ààbò tí a ti ṣe sílẹ̀, tí a ń gún yí ojú ọgbẹ́ ká.
*Iṣan ìmọ̀lára:* okùn tó ń gbé ìròyìn láàárín ara àti ọpọlọ.
*Òfin ọjọ́ mẹ́wàá:* ṣíṣọ́ ajá tó bu èèyàn jẹ láti mọ̀ bóyá àrùn wà lára rẹ̀.

Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé bí orúkọ "dìgbòlugi" ṣe ṣe àpèjúwe àrùn náà. Irú ajá wo ni orúkọ yìí kò ṣàpèjúwe, kí sì nìdí tí ìyẹn fi léwu?
2. Ajá bu ọmọ méjì jẹ lọ́jọ́ kan náà: ọ̀kan lójú, ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Èwo ni àrùn lè tètè yọ lára rẹ̀? Kí ló fà á?
3. Kí ló dé tí ọṣẹ fi lágbára lórí fáírọ́ọ̀sì yìí, tí epo pupa kò sì ní?
4. Àdúgbò yín fẹ́ lu ajá kan tó bu èèyàn jẹ pa. Kọ ohun tí ìwọ yóò bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní ìlà mẹ́wàá.
5. *Iṣẹ́ ẹgbẹ́:* Ẹ ka iye ilé tó ní ajá ní òpópónà yín. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn olówó wọn, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí yín, bóyá ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ lọ́dún yìí. Ẹ má fọwọ́ kan ajá kankan. Ẹ ṣírò rẹ̀ bóyá òpópónà yín dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì mú èsì náà wá sí kíláàsì.